Ṣé Ẹ Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Asíwájú Amòòkùn ní Ilẹ̀ Òkèèrè? Ìlera Ni Kí Ẹ Fi Yan Ibi Tí Ẹ Ó Lọ

Iṣẹ́ pọ̀ láyé òde òní tí àwọn baba ńlá wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ ṣíṣe amọ̀nà fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, kí wọ́n lè fojú rí ẹja, òkìtì iyùn àti àwókù ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ní divemaster. Nínú àròkọ yìí, asíwájú amòòkùn ni a ó máa pè é.

Òkè òkun ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà sábà máa ń wò. Ìgbì òkun etí ilẹ̀ wa lágbára, ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wọ inú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ríran jìnnà lábẹ́ omi. Ní àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru kan, ẹ̀wẹ̀, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mọ́ gaara, ilé-ẹ̀kọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ bí ìsọ̀ ọjà. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, “Níbo ni owó rẹ̀ ti kéré jù?” Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, “Bí nǹkan bá ṣe mí lábẹ́ omi, wákàtí mélòó ni mo fi jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè wò mí sàn?”

Irú iṣẹ́ wo ni?

Ọ̀kan nínú àwọn àjọ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yìí ni PADI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966. Àjọ SSI, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1970, ń fúnni ní irú rẹ̀. Ní ti PADI, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí ìdóòlà ẹ̀mí nínú omi, kí ó sì ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì láàárín oṣù 24 tí ó kọjá. Ó gbọ́dọ̀ ti mòòkùn ní ìgbà 40 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì pé ìgbà 60 kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Nínú ìdánwò rẹ̀, yóò lúwẹ̀ẹ́ fún 400 mítà láìlo ohun ìrànlọ́wọ́ kankan, yóò léfòó lójú kan fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì fa amòòkùn tí ó ti rẹ̀ lójú omi fún 100 mítà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí kò mòòkùn rí, tí ó sì fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí láàárín oṣù méjì tàbí mẹ́ta, yóò máa wọ inú omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Láàárín èyí, yóò máa ru sílíńdà afẹ́fẹ́, yóò máa fọ irinṣẹ́, yóò sì máa dúró nínú oòrùn lórí ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí, kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Ara rẹ̀ ni yóò fi san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tí omi ń ṣe sí ara

A kò sọ pé àwọn ènìyàn wa kò mọ omi o. Àwọn tí ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ń fi èémí kan ṣoṣo lọ sísàlẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń padà sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé sílíńdà sẹ́yìn ń mí afẹ́fẹ́ lábẹ́ omi, ibẹ̀ sì ni ewu mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ ara wa láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá wọ inú òkun dé mítà 10, ìtẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń mí ní láti bá ìtẹ̀ yìí dọ́gba, nítorí náà ni náítírójìn inú rẹ̀ ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ju bí ó ti yẹ lọ. Bí amòòkùn bá gòkè díẹ̀díẹ̀, náítírójìn yìí yóò gba ẹ̀dọ̀fóró jáde láìṣe ìpalára. Bí ó bá sáré gòkè, yóò di ìfòfó nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú oríkèé ara, bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò mínírà lójijì.

Èyí ni àrùn amòòkùn. Lára àwọn àmì rẹ̀ ni kí oríkèé máa dunni, kí ara máa yúnni, kí òòyì máa kọ́ni, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kú, kí ènìyàn má lè dìde dúró mọ́. Ó lè sọ ènìyàn di arọ, ó sì lè pa á. Bákan náà, ẹni tí ó bá pa èémí mọ́ra bí ó ti ń gòkè lè ya ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò máa fẹ̀ sí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn: ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gòkè ju mítà mẹ́sàn-án lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n a sì dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó yọrí.

Bí àrùn yìí bá mú ènìyàn, ọ́síjìn tí a kò lú mọ́ ohunkóhun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, a ní láti gbé e lọ sí iyàrá ìtẹ̀-afẹ́fẹ́, èyí tí í ṣe iyàrá onírin tí wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ kún, kí ara aláìsàn lè padà sí irú ìtẹ̀ tí ó wà lábẹ́ omi, kí wọ́n sì wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìlànà tí àwọn dókítà ń lò jù, èyí tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, ń bẹ̀rẹ̀ láti ìtẹ̀ mítà 18, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún.

Ìtàn ọmọ Nàìjíríà kan fi hàn bí iyàrá yìí ti ṣe pàtàkì tó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojúdé sínú òkun nítòsí Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, nìkan ni ó yè, lẹ́yìn tí ó lo nǹkan bíi wákàtí 60 nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30 sí ojú omi. Àwọn amòòkùn tí wọ́n wá kó òkú ni wọ́n bá a láàyè. Wọn kò jẹ́ kí ó yọrí tààrà sínú afẹ́fẹ́ òde. Inú iyàrá ìtẹ̀-afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé e lọ, ó sì lò tó ọjọ́ méjì níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó padà sí ti orí ilẹ̀. Bí kò bá sí iyàrá náà lórí ọkọ̀ àwọn tí ó yọ ọ́, ìyọjáde gan-an ni ì bá ṣekú pa á. Okene fúnra rẹ̀ padà kọ́ṣẹ́ amòòkùn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà

Kí a tó sọ ti erékùṣù, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ilé. PADI kì í gba ẹnikẹ́ni sí ẹ̀kọ́ yìí láìsí ìwé tí dókítà fọwọ́ sí láàárín oṣù 12 tí ó kọjá. Nàìjíríà ni ó dára kí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí fún ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà. Ẹni tí wárápá ń ṣe kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, nítorí pé gìrì lábẹ́ omi kò yàtọ̀ sí ikú. Aboyún kì í mòòkùn. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn ní láti gba àyẹ̀wò pàtàkì, kí dókítà sì pinnu.

Ní ilẹ̀ wa, ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé, èyí ni ẹ̀jẹ̀ SS. Àwọn dókítà kì í gba aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde níyànjú pé kí ó mòòkùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS kò sí ní ipò yẹn, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún dókítà, kí ó má sì jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun.

Oògùn ibà náà ṣe kókó. Oògùn mefloquine, tí àwọn kan mọ̀ sí Lariam, lè fa òòyì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, àmì wọ̀nyí sì jọ ti àrùn amòòkùn. Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà fún yín ní òmíràn. Ẹ tún rántí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a gbà á ni yẹ́lò káàdì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti ọdún 2016 sì ni ìlànà àgbáyé ti gbà pé títí ayé ẹni tí ó gbà á ni. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí a fẹ́ mẹ́nu bà nísàlẹ̀ yìí ló ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wá.

Erékùṣù mẹ́ta

Koh Tao, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Erékùṣù Ìjàpá, wà ní orílẹ̀-èdè Tàílándì. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 21 níbùú-lóròó lọ, síbẹ̀ ó wà lára àwọn ibi tí ènìyàn ti ń gba ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn jù lọ lágbàáyé. Nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, owó rẹ̀ kì í ga. Omi ibẹ̀ máa ń lọ́ tó ìwọ̀n 27 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n kò sí pápákọ̀ òfuurufú níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ láti Chumphon, Surat Thani tàbí Koh Samui. Èyí túmọ̀ sí pé ojú omi ni aláìsàn tí ó bá nílò ilé ìwòsàn ńlá yóò gbà jáde, bí ìjì bá sì ń jà, ọ̀rọ̀ di ìdúró. Láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá ni òjò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, pàápàá ní oṣù Kọkànlá. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru: ẹ má ṣe yan àkókò yìí nítorí pé wọ́n bù díẹ̀ kúrò nínú owó. Ibà dẹ́ńgè, tí ẹ̀fọn ọ̀sán ń gbé kiri, wà ní Tàílándì pẹ̀lú.

Utila jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù orílẹ̀-èdè Họ̀ndúràs nínú òkun Kàríbíánì. Òkìtì iyùn tí ó yí i ká jẹ́ ara èyí tí ó gùn ṣìkejì lágbàáyé. Ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn erékùṣù náà wà títí di nǹkan bí ọdún 1860, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ sì ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, èyí tí yóò rọrùn fún ọmọ Nàìjíríà nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé ibi tí ń dùn ún fún nọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tí Utila àti Roatán, aládùúgbò rẹ̀, ti ní iyàrá ìtẹ̀-afẹ́fẹ́ tiwọn, àǹfààní ńlá sì ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa, ó sì lè gba físà orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ òfuurufú yóò ti dúró lójú ọ̀nà. Láti oṣù Kẹfà títí di ìparí oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì líle ní agbègbè náà. Ìjì Mitch ba Họ̀ndúràs jẹ́ gidigidi ní ọdún 1998. Ibà àti dẹ́ńgè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Zanzibar, ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà, ni ó sún mọ́ wa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òkìtì iyùn Mnemba, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ amòòkùn ń lọ. Láti oṣù Kẹta sí Karùn-ún ni òjò ńlá ń rọ̀, òjò kékeré a sì tún wá ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Ibà ti dín kù púpọ̀ níbẹ̀ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ẹni tí ó bá lọ gbé ibi tí ibà kò pọ̀ fún oṣù púpọ̀ yẹ kí ó mọ̀ pé agbára tí ara òun fi ń bá ibà jà ń rẹlẹ̀. Bí ó bá padà sí Nàìjíríà, kí ó máa sùn nínú àpò ẹ̀fọn, kí ó má sì fi ojú kékeré wo ara gbígbóná.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí a lè pè ní búburú, kò sì sí èyí tí ó pé tán. Ohun tí ó ya ibi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni ìdáhùn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún yín.

Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè

Ẹ kọ ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ kí ẹ tó san owó. Èkínní, iyàrá ìtẹ̀-afẹ́fẹ́ wo ni ó sún mọ́ wọn jù, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, wákàtí mélòó sì ni a ń gbà dé ibẹ̀, ní ọ̀sán àti ní òru? Èkejì, ṣé ọ́síjìn wà lórí gbogbo ọkọ̀ wọn, ta sì ni ó mọ bí a ti ń lò ó? Ẹ̀kẹta, ìgbà mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń mòòkùn lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni ó fi ń sinmi lọ́sẹ̀?

Ẹ̀kẹrin ni ti afẹ́fẹ́ inú sílíńdà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣe fún ìdílé tí ó bá tì í mọ́ inú ilé sùn. Èéfín kan náà lè wọ inú sílíńdà bí ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bá wà nítòsí jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹnu èéfín ọkọ̀. Ìwọ̀nba tí kì í pa ènìyàn lórí ilẹ̀ lè pa á ní mítà 30, nítorí pé ìtẹ̀ omi ń sọ agbára rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ wọn wò kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀karùn-ún, kí ni wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀finkìn mú tàbí tí etí ń dùn? Etí ni ó sábà máa ń dá àwọn tí ń mòòkùn lójoojúmọ́ nínú omi lílọ́ lóró jù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ pé kí ẹ rọ́jú kí ẹ wọ inú omi bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ rere kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni asíwájú amòòkùn yóò máa dáhùn lọ́wọ́ àwọn àlejò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Owó, físà àti ìwé adójútòfò

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń sọ pé àwọn kò ní gba owó ẹ̀kọ́, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣiṣẹ́ fún àwọn dípò rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Físà arìnrìn-àjò afẹ́ kì í sábà fún ènìyàn láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Bí ìjọba bá mú yín, ẹ̀yin ni ẹ ó jẹ̀bi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ti fi iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀ a máa mòòkùn pẹ̀lú ara tí ó ti rẹ̀, tí omi inú rẹ̀ sì ti gbẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ń pe àrùn amòòkùn wá.

Ìwé adójútòfò kì í ṣe ohun àṣerégèé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Zanzibar bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n ra ti ìjọba kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ ka ìwé náà dáadáa: ṣé ó san owó iyàrá ìtẹ̀-afẹ́fẹ́, ṣé ó san owó gbígbé aláìsàn, ṣé ó sì gba ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ wọlé? Àjọ DAN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, ni ọ̀pọ̀ amòòkùn ń bá dá irú ètò yìí sílẹ̀. Ó ní ẹ̀ka ní gúúsù Áfíríkà, ó sì ní tẹlifóònù tí dókítà ń dáhùn tọ̀sán-tòru.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé ẹ̀rí asíwájú amòòkùn yóò gbé yín dé ibi iṣẹ́ epo rọ̀bì. Iṣẹ́ amòòkùn ilé-iṣẹ́ epo ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ àti ìlànà ìlera tirẹ̀. Ibùdó ìgbafẹ́ ni ìwé ẹ̀rí tí a ń sọ yìí wà fún.

Bí ẹ̀kọ́ bá sì parí, ẹ má ṣe ti inú omi bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìmọ̀ràn àjọ DAN ni pé kí ẹni tí ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán, kí ẹni tí ó ti ń mòòkùn fún ọjọ́ púpọ̀ sì dúró fún wákàtí 18, nítorí pé ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú kéré sí ti ilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ó fi owó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Bí ọmọ bá mú àwòrán etíkun wá pé ibi tí òun fẹ́ lọ rèé, ẹ yìn ín, kí ẹ sì ní kí ó mú ìdáhùn ìbéèrè márààrún wá pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré lè dára, èyí tí ó wọ́n sì lè má dára. Ibi tí ọ́síjìn wà lórí ọkọ̀, tí iyàrá ìtọ́jú wà nítòsí, tí olùkọ́ sì lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Má wọ inú omi lónìí, ara rẹ kò dá,” ibẹ̀ ni kí ọmọ wa lọ. Owó tí ó bá sọnù, a lè rí i padà. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.